Ọkọ mi ní ijó ballet kọ́ ni ọmọ òun máa jó

Ìyá oníjó ti Lọ́ńdọ̀nù, mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 11, ti ń jó ballet láti ọmọ ọdún 5, pé olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ ṣe ìdánwò sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Bàbá ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kà á pé àwọn olówó Paris ló ń fi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe àlè láyé àtijọ́. Ẹ wá ní kí n bá yín sọ fún un pé irọ́ ni.

Kì í ṣe irọ́ o. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, "ọmọ eku" ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ tó ń kọ́ ijó ní Opéra Paris, ilé ijó àti orin ńlá ìlú náà. Ọmọ mẹ̀kúnnù ló pọ̀ nínú wọn, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń gbà. Yàrá ńlá kan wà lẹ́yìn pèpéle tí wọ́n ti ń na ara kí wọ́n tó jáde. Àwọn olówó tó ti san owó ìjókòó láyè láti wọ ibẹ̀, tàwọn ti fìlà gogoro, kí wọ́n máa wo èyí tó wù wọ́n.

Ẹ wo Marie van Goethem, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Òun ni Degas, ayàwòrán ará Faransé, fi ìda mọ ère rẹ̀ bí ọmọ ọdún 14, tó wọ̀ ọ́ ní síkẹ́ẹ̀tì gidi, tó so ríbọ́n mọ́ ọn nírun. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní 1881, àwọn kan nínú ìwé ìròyìn ní ojú ẹranko ló ní. Lọ́dún kejì, Opéra lé ọmọ náà nítorí pé kì í wá déédéé. Àbúrò rẹ̀, Louise-Joséphine, ọmọ ìyá kan náà, dúró síbẹ̀, ó sì di olùkọ́ ijó níbẹ̀.

Ìyá Anna Pavlova, gbajúmọ̀ oníjó ballet, náà, alágbàfọ̀ ni, ní Rọ́ṣíà. Ilé-ẹ̀kọ́ ijó ti ọba gba Anna ní 1891. Wọ́n ń bọ́ ọmọ níbẹ̀, wọ́n ń wọṣọ fún un. Ó di ẹni tó ní ẹgbẹ́ oníjó tirẹ̀. (Kí ọkọ yín má baà ní mo fi nǹkan pa mọ́: àwọn ọmọ ọba Rọ́ṣíà náà ò jìnnà sí àwọn oníjó.)

Lójú tèmi, ebi ló ṣílẹ̀kùn fáwọn olówó yẹn, kì í ṣe ijó. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra rẹ̀ béèrè: ta ló ń sùn ti àwọn ọmọ? Ta ló lè wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ? Bí orúnkún rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́mọ ọdún 16, ìwé wo ló máa ní lọ́wọ́? Bí wọn ò bá dáhùn tààrà, ẹ mú ọmọ yín, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ó ku ọ̀kan, ẹ má bínú. Ojú ìwé mẹ́ta lẹ kọ: "mo fẹ́", "mo ti náwó", "olùkọ́ ní". N ò rí ibi tí ọmọ ti sọ̀rọ̀. Degas ya àwọn ìyá oníjó pẹ̀lú, wọ́n jókòó sí kíláàsì, ọ̀kan ń ka ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ Sátidé, bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ibi ijó, ẹ bi í pé: "Ṣé yóò ṣì wù ọ́ láti máa jó láràárọ̀ tí kò bá sí èmi ìyá ẹ, bàbá ẹ tàbí olùkọ́ ẹ níbẹ̀?" Bó bá dákẹ́, ẹ má bá a dáhùn.