Ìdí tí orúkọ ènìyàn fi ń kún inú àwo orin àwọn àgbà

Ẹnìkan béèrè láti Òṣogbo pé kí ló dé tí ojú kan nínú àwo àwọn àgbà olórin fi sábà máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo, tí orúkọ àwọn gbajúmọ̀ àti ti ẹgbẹ́ yóò sì kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó ló fà á tàbí àṣà.

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n àṣà ló ṣáájú. Kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dé ilẹ̀ yìí rárá ni onílù àti akéwì ti ń ki olóde àti àlejò, tí àwọn tí wọ́n kì náà sì ń fún wọn lówó. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní òpin tirẹ̀, nítorí iye àwọn tó bá wà lójú agbo ni yóò sọ bí yóò ti gùn tó.

Àwo àtijọ́ ló kọ́kọ́ gé e kúrú. Oje tí kòkòrò kan ń mú jáde wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ó máa ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kì í sì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àwo Zonophone fi gba orin Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sílẹ̀ ní London ní ọdún 1922. Òun náà ni Haruna Ishola fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, nígbà tó yin Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká sòótọ́, ààyè ibẹ̀ kò ju ti ọba kan lọ.

Ní ọdún 1948 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ àwo Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo oníke ńlá jáde, èyí tí ìyípo rẹ̀ kò yá tó ti àtijọ́, tí àwọn ìlà ojú rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé ojú kan gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí èyí dọ́wọ́ àwọn olórin wa, wọ́n lè wá ṣeré nínú àwo bí wọ́n ti ń ṣe é lóde. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí ẹni tó béèrè: ní ọdún 1971, Haruna Ishola ṣe àwo Oroki Social Club fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ìlú tí a ń kì ní Òròkí. Ta ni yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ki odidi ẹgbẹ́?

Ní ti owó, àwọn kan a máa pè é ní ìtọrọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ẹni tí wọ́n dárúkọ rà ni pé kí orúkọ òun máa dún nílé àwọn tí kò mọ òun rí, lẹ́yìn tí òde ti tú ká.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní ọdún 1963, tún fi kún un. Èyí tó gùn nínú wọn ń gba ìṣẹ́jú 45 ní ojú kan, ẹnikẹ́ni sì lè fi gba orin sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni olóde ti lè gba eré òde tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tó wá bá a ṣe é, láìdúró de ilé iṣẹ́ àwo kankan.