Ẹ Bèèrè, A Fèsì: Bí gáàsì ṣe ń di dísẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí a mẹ́nu ba ilé-iṣẹ́ Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta nínú abala yìí, níbi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì inú ilẹ̀ di dísẹ́ẹ̀lì, a ò mọ̀ pé ilé agbọ́n la fọwọ́ kàn. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé. Mẹ́fà la mú, a sì gé èyí tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gáàsì ìdáná ni mò ń tà ní Mọ̀kọ́lá, Ìbàdàn. Ọmọ mi ní wọ́n ń sọ gáàsì di olómi, mo ní kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣebí olómi náà ló wà nínú sílíńdà mi? Ẹ bá wa parí ìjà.

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú yín. Bí ẹ bá mi sílíńdà yín, ẹ ó gbọ́ olómi tó ń mì nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n própéènì àti bútéènì nìyẹn, ìfúnpá ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi di olómi. Ẹ ṣí fáàfù báyìí, wọ́n á padà di afẹ́fẹ́. Ti ilé-iṣẹ́ gáàsì Bonny ní ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ òkun, òtútù ló mú un: wọ́n mú un tutù dé -162°C, ààyè tó ń gbà wá dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 600. Bí òtútù náà bá yẹ̀, gáàsì tún dé. CNG tí àwọn onímọ́tò ń rà kò tilẹ̀ di olómi rárá, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́nú sílíńdà ní bar 200 ni, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 200 ìfúnpá afẹ́fẹ́ àyíká wa. Gáàsì ṣì ni gbogbo wọn.

Ti Escravos yàtọ̀. Wọ́n tú gáàsì náà palẹ̀ ni, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n tú hun nǹkan mìíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá tú aṣọ òkè padà sí òwú, tó sì fi òwú náà hun aṣọ tuntun. Ẹ bu ohun tó jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e sóòrùn, kò ní padà di gáàsì mọ́. Dísẹ́ẹ̀lì ni.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á lẹ́sẹẹsẹ fún mi, pẹ̀lú ìwọ̀n ooru àti ìfúnpá, kí n lè rí nǹkan kọ́ àwọn ọmọ.

Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì yìí: kábọ̀n kan, háídrójìn mẹ́rin.

Fífọ̀ ló ṣáájú. Wọ́n á yọ imí ọjọ́ inú gáàsì kúrò, wọ́n á gbé e gba orí síǹkì ọ́sáìdì kọjá ní nǹkan bí 350 sí 400°C, títí ohun tó ṣẹ́kù kò fi ní ju ìdá mélòó kan nínú bílíọ̀nù kan lọ. Kì í ṣe àṣejù. Bí imí ọjọ́ bá ti jókòó lé kóbáàtì tó ń dúró níwájú, kì í dìde mọ́, kóbáàtì sì wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni títú. Mẹ́téènì, oru omi àti ọ́síjìn tó mọ́ gaara yóò pàdé nínú ìkòkò irin tí wọ́n fi bíríkì tí iná kì í ràn tẹ́ inú rẹ̀. Ooru tó ń bá wọn jáde tó nǹkan bí 1,000°C, ìfúnpá rẹ̀ wà láàárín bar 25 sí 40. Kábọ̀n mọnọ́sáìdì àti háídrójìn ló ń jáde, ìwọ̀n tí a sì ń fẹ́ ni háídrójìn méjì sí kábọ̀n mọnọ́sáìdì kan. Bó bá jẹ́ oru omi nìkan ni wọ́n fi tú u, mẹ́ta sí ọ̀kan ni yóò jáde, háídrójìn á pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn nìkan, kò ní pé méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po méjèèjì. Àwọn ọmọ yóò bi yín pé kí ló dé tí wọn ò lo afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò ọ́: nínú 100 afẹ́fẹ́, 78 jẹ́ náítrójìn. Kò ní ṣiṣẹ́ kankan, síbẹ̀ wọ́n á fún un pọ̀, wọ́n á gbé e gbóná, wọ́n á tún ra ìkòkò ńlá láti gbà á.

Híhun ló kàn. Franz Fischer àti Hans Tropsch ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní ìlú Mülheim ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1925. Èédú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí Jámánì ní èédú lọ́pọ̀, kò sì ní epo tó bẹ́ẹ̀. Gáàsì méjèèjì yóò gba orí kóbáàtì kọjá ní 200 sí 240°C, bar 20 sí 30. Kóbáàtì yìí ni kátálíìsì: ó ń mú iṣẹ́ yá, òun fúnra rẹ̀ kì í wọ inú epo. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: CO + 2H₂ → –CH₂– + H₂O. Kábọ̀n kan á so mọ́ èkejì, èkejì á so mọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n á máa gùn lọ bí ẹ̀wọ̀n.

Ibi tó dùn jù rèé. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹ̀wọ̀n náà pé kó dúró sórí kábọ̀n 15, tí í ṣe ti dísẹ́ẹ̀lì. Níbikíbi tó bá dé, ó lè gùn sí i, ó sì lè já. Bí ó bá ń gùn ní ìgbà 9 nínú 10, kúkúrú á wà, gígùn á wà, gbọọrọ náà á wà. Nítorí náà wọn kì í lé dísẹ́ẹ̀lì tààrà. Wọ́n á jẹ́ kó gùn títí di ìda, irú èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là, kí wọ́n tó fi háídrójìn àti kátálíìsì mìíràn gé ìda náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní nǹkan bí 350°C. Níbẹ̀ ni dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì àti náfítà (epo fífúyẹ́ bíi pẹtiróòlù) ti ń yà sọ́tọ̀. Ará Ìṣẹ́yìn kò nílò àlàyé ju èyí lọ: ẹ hun ún gùn ná, ẹ wá gé e.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò omi pẹ̀lú. CH₂ wọn 14, omi wọn 18. Tọ́ọ̀nù epo kan ń bá omi tó tó tọ́ọ̀nù 1.3 jáde. Nípa ìwọ̀n, ilé-iṣẹ́ omi ni ilé-iṣẹ́ yìí ju ilé-iṣẹ́ epo lọ!

Ní Ṣàgámù, iṣẹ́ yíya ọ́síjìn sọ́tọ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni mò ń ṣe. Ibo ni ewu wà jù nínú ilé-iṣẹ́ bíi ti Escravos?

Níbi iṣẹ́ yín gan-an ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1997, ilé-iṣẹ́ Shell ní Bintulu, ní Malaysia, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1993, bú gbàmù. Kì í ṣe ẹ̀ka gáàsì ló bú, ẹ̀ka ọ́síjìn ni. Lọ́dún náà, iná igbó ń jó ní Indonesia, èéfín bo gbogbo agbègbè náà. Ẹ̀rọ ń fa èéfín yìí mọ́ afẹ́fẹ́, àwọn èérún rẹ̀ tó ru háídrókábọ̀n (ohun tó ń gbaná, tí kábọ̀n àti háídrójìn para pọ̀ di) sá gba àsẹ́ kọjá, wọ́n sì ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ́síjìn olómi, nínú ẹ̀rọ alumíníọ̀mù. Nígbà tí iná ràn wọ́n, alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ jó, nítorí nínú ọ́síjìn olómi, irin yẹn kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ọdún 2000 ni iṣẹ́ tó padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò ṣòro. Ẹ máa wọn háídrókábọ̀n inú ọ́síjìn olómi yín láìdáwọ́dúró. Ẹ máa tú díẹ̀ dànù nígbà gbogbo kí ìdọ̀tí má baà kó jọ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí olómi gbẹ nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di oru, nítorí bó bá gbẹ, ìdọ̀tí ló ń kù. Nígbà ọyẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ ń sun igbó, ẹ fi kún àyẹ̀wò.

Ní àwọn ẹ̀ka yòókù, ooru ni ọ̀tá. Híhun ń tú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára inú gáàsì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ooru. Bí omi tó yẹ kó gbé ooru náà lọ kò bá tó, kátálíìsì á gbóná sí i, iṣẹ́ á yá sí i, ooru á tún pọ̀ sí i, kí a tó ṣẹ́jú, mẹ́téènì la tún ń ṣe dípò ìda. Níbi títú, gáàsì tó ń jáde kò gbọ́dọ̀ pẹ́ láàárín 800 àti 450°C: níbẹ̀ ló ti ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi, tí irin á di lẹ́búlẹ́bú. Bọ́ílà ni wọ́n fi ń mú un tutù kíákíá. Kátálíìsì tó ń rún tún wà o. Ní Oryx, irú ilé-iṣẹ́ yìí kan ní Qatar, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i ní 2006, èérún pọ̀ nínú ìda ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ó sì dín iye epo tó ń jáde kù fún ìgbà pípẹ́.

Mẹkáníìkì ni mí l'Abẹ́òkúta. Mo ní dúrọ́ọ̀mù, mo mọ irin jó, mo sì ń rí gáàsì rà. Ṣé mo lè ṣe dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kábọ̀n mọnọ́sáìdì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani nínú oorun. Bar 20 kì í ṣe ohun tí dúrọ́ọ̀mù lè gbà.

Ká tilẹ̀ ní kò sí ewu, ìṣirò rẹ̀ kò pé. Escravos ń lo gáàsì mílíọ̀nù 325 kúbíìkì fíìtì lójúmọ́ láti fi ṣe epo àgbá 33,000. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 9,850 kúbíìkì fíìtì sí àgbá kan, tàbí kúbíìkì mítà 1.75 sí lítà kan. Agbára tó wà nínú gáàsì 1.75 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti dísẹ́ẹ̀lì lítà méjì. Ẹ fi nǹkan bíi méjì ra ọ̀kan nìyẹn. Gáàsì tó bá lè jó gẹ́gẹ́ bíi gáàsì, ẹ jẹ́ kó jó bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ onípẹtiróòlù rọrùn láti yí sí gáàsì: ohun tó ń dín ìfúnpá kù àti ohun tó ń po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́nu kábúrétọ̀ ni ẹ nílò. Ẹ retí pé agbára rẹ̀ á dín díẹ̀. Ti onídísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì, gáàsì nìkan kò sì ní gbaná nínú rẹ̀, nítorí náà dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti tanná ràn án. Ohun kan tí a ò ní yéé sọ: ẹ má kó CNG sínú sílíńdà gáàsì ìdáná láéláé. Bar mélòó kan sí nǹkan bí 10 ni sílíńdà ìdáná sábà máa ń gbé, 200 ni CNG. Sílíńdà tí wọ́n jó irin lé, bọ́ǹbù ni.

Mo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní London. Wọ́n ń ta GTL, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi gáàsì ṣe, fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi níbí. Ṣé mo lè bù ú sínú ọkọ̀ mi?

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín àti ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá rí XTL nínú àmì onígun mẹ́rin, tàbí EN 15940, ó gbà á. Ẹ lè pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì lásán bó ti wù yín. Nọ́ńbà sítéènì rẹ̀ lé ní 70, ti dísẹ́ẹ̀lì lásán níbẹ̀ kì í dín ní 51, nítorí náà ó máa ń tètè gbaná, èéfín rẹ̀ sì kéré. Ó fúyẹ́ jù, lítà tí ẹ ń lò á fi díẹ̀ pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ti gbó, ẹ ṣọ́ àwọn rọ́bà inú páǹpù: àwọn èròjà inú dísẹ́ẹ̀lì lásán ló wú wọn, GTL kò ní èròjà wọ̀nyí, rọ́bà á sún kì, epo á máa jò. Ní ti afẹ́fẹ́ ayé tó ń gbóná, kò sí èrè níbẹ̀. Inú ilẹ̀ náà ni kábọ̀n rẹ̀ ti wá.

Ará Ìlàjẹ ni mí. Lóru, a máa ń rí iná gáàsì lójú òkun láti ilé wa. Tó bá jẹ́ pé ó lè di dísẹ́ẹ̀lì, kí ló dé tí wọ́n ń sun ún dànù?

Ẹ̀yin lẹ béèrè ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Owó àti títóbi ló fà á.

Chevron ló ni ìdá 75 nínú 100 Escravos, NNPC ni ìdá 25. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ní 2005, owó rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù 2 dọ́là. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ó ti sún mọ́ bílíọ̀nù 10. Oryx, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, àgbá 34,000, tí ọgbọ́n kan náà, ti Sasol, ilé-iṣẹ́ kan ní South Africa, sì wà níbẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 1 ló ná wọn. Àbàtà, ìdádúró àti ọ̀wọ́n irinṣẹ́ ló jẹ ìyàtọ̀ náà. Ẹ pín in: àgbá kan lójúmọ́ ní Escravos gba nǹkan bí 300,000 dọ́là láti kọ́. Bí gáàsì bá jẹ́ dọ́là 3 fún 1,000 kúbíìkì fíìtì, ti àgbá kan á tó dọ́là 30 kí wọ́n tó san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bí epo rọ̀bì bá wọ́n, èrè wà. Bí ó bá já wálẹ̀, kò sí. Ìdí nìyẹn tí Shell fi pa èyí tó fẹ́ kọ́ sí Louisiana, ní Amẹ́ríkà, tì ní oṣù Kejìlá 2013, tí Sasol náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan náà ní 2017. Ní Mossel Bay, ní South Africa, wọ́n kọ́ tiwọn tán ní 1992, ṣùgbọ́n gáàsì inú òkun tó ń bọ́ ọ gbẹ, ó dákẹ́ ní 2020.

Iná tí ẹ ń rí ti yàtọ̀. Ó tú ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, ìfúnpá rẹ̀ lọlẹ̀, kì í sì í dúró sójú kan. Ká ní iná kan ń jó mílíọ̀nù 2 kúbíìkì fíìtì lójúmọ́. Epo tó lè ti ibẹ̀ jáde kò ju nǹkan bí àgbá 200 lọ, síbẹ̀ ó nílò ọ́síjìn, kóbáàtì, bọ́ílà àti gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè. Gáàsì kan náà, bí wọ́n bá fún un pọ̀ tí wọ́n sì gbé e fún jẹnẹrétọ̀ onígáàsì lẹ́bàá rẹ̀, á mú iná mànàmáná tó tó nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 8 jáde. Bí própéènì bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ yọ ìyẹn fún ìdáná kí ẹ tó jó ìyókù. Ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2016 láti ta gáàsì tí wọ́n ń sun yìí fún oníṣòwò, irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló bá mu jù. Bí ẹ bá fẹ́ bá ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀, ẹ béèrè iye gáàsì tó ń jó lójúmọ́ níbẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni oníṣòwò kọ́kọ́ máa ń béèrè.