Ìbéèrè yín lórí ẹran ọ̀sìn: ajá tó ń kùn, ajá tó ní gìrì, ológbò tó ń sá fún abẹ́rẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, mẹ́rin ni mo mú nínú ẹ̀ torí wọ́n fẹ́ jọra, ẹranko tí ara ẹ̀ ò yá tàbí tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti wá tojú sú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ajá ìbílẹ̀ kan la gbà lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń kó kúrò, abo ni, á ti tó ọmọ ọdún méjì. Ṣéènì ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń nà án. Ní báyìí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan òun, kò ní jẹun àfi tá a bá kúrò níbẹ̀, tẹ́nikẹ́ni bá sún mọ́ abọ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ fọwọ́ pa á lórí, ló bá ṣe bíi kó gé e jẹ, eyín ẹ̀ kan aṣọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò kan ara. Etí ẹ̀ kan tún ń rùn, ó ń họ ọ́ ṣáá. Bàbá àwọn ọmọ ní ká wá pàṣán, pé ajá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká dá a padà. Mi ò fẹ́ dá a padà. Kí ni ká ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun ìyá wa, ẹ sì kú ìfaradà. Etí tẹ́ ẹ mẹ́nu bà gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Etí tó ń rùn, tí ajá ń họ, tó ń torí ẹ̀ gbọn orí, àfàìmọ̀ ni kó má ti máa ṣọyún nínú, ó sì máa ń dun ajá gan-an, débi pé ọwọ́ yòówù tó bá ti ń bọ̀ lápá orí ẹ̀, ìrora ló rí yẹn. Orí ni ọmọ yín sì fẹ́ fọwọ́ pa. Tá a bá wá na ajá yìí nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, torí pé etí ń dùn ún la ṣe nà án o.

Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da àdí sí i, ẹ má da spirit sí i, torí tí awọ inú etí bá ti lu, inú lọ́hùn-ún ni ohun tẹ́ ẹ dà máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn tiẹ̀ ní àǹfààní, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú un dání, kẹ́ ẹ ṣàlàyé pé ẹ̀rù èèyàn ń bà á, torí oògùn wà tí dókítà lè ní kẹ́ ẹ fún un nílé kára ẹ̀ lè wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò, ìyẹn sàn ju kí ọkùnrin mẹ́rin dì í mọ́lẹ̀ lórí tábìlì lọ. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, mi ò rò pé níbi tó ti wá wọ́n fún un. Títí dìgbà náà, tó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsíbítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí dìgbòlugi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń já sí.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí wọ́n sọ yẹn, àwọn nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́, kárí ayé ni, ó sì ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1947 ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Rudolf Schenkel kọ̀wé lórí àwọn ìkookò tó wà ní ọgbà ẹranko nílùú Basel ní Switzerland, ó ní wọ́n máa ń jà du ipò ọ̀gá. Inú ọgbà ni wọ́n há wọn mọ́ o, wọn ò rí ibi sá lọ. David Mech, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1970, àwọn èèyàn wá gbé e lé ajá lórí. Nígbà tí Mech fúnra ẹ̀ wá lọ wo ìkookò nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó rí ni bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé, òun náà ló tún padà sọ pé káwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn sílẹ̀. Nítorí náà ajá yín ò bá ẹnikẹ́ni du ipò nínú ilé yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á, pàṣán sì ni ohun tó ti ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀.

Kíkùn tó ń kùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí sí i. Ó ń sọ fún yín pé ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ni. Ajá tí wọ́n bá nà títí tí ò kùn mọ́, ẹ̀rù ò kúrò lára ẹ̀, ìkìlọ̀ ló ti kọ́ láti gbé mì, irú ẹ̀ ló máa ń kàn gé èèyàn jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀ táráyé á wá ní "kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ṣàdédé ni". Kí ajá tó kùn pàápàá á ti sọ̀rọ̀: á lá ètè nígbà tí kò sóúnjẹ, á yán nígbà tí oorun ò kùn ún, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun ojú ẹ̀ á hàn, ara ẹ̀ á le gbagidi. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ajá náà àtàwọn ọmọ sílẹ̀ láìsí àgbà ńbẹ̀, kí ibi tó ń sùn sì jẹ́ ibi tí ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dé.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí i, níbi tí kò ti ní kùn, kẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ kọ ọ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ gé ẹran sísè wẹ́wẹ́, èyí tí ò ní ata àti àlùbọ́sà, kẹ́ ẹ máa ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ìtòsí ẹ̀, kì í ṣe sí ìtòsí yín o. Tó bá jẹ ẹ́, ẹ ju òmíràn, ẹ má pè é, ẹ má nawọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ju díẹ̀, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ nígbà tí inú ẹ̀ ṣì dùn. Ní ti abọ́, tẹ́ ẹ bá ń kọjá lókèèrè ẹ ju nǹkan tó dùn ju ohun tó wà nínú abọ́ lọ sí i, kẹ́ ẹ máa kọjá lọ, kó lè yé e pé èèyàn tó ń bọ̀ kò wá gbà á, ó wá fi kún un ni. Lọ́jọ́ tó bá fúnra ẹ̀ wá gbóòórùn ọwọ́ yín, ẹ fọwọ́ ra á láyà díẹ̀, láyà o, kì í ṣe lórí, kẹ́ ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò. Tó bá tún sún mọ́ yín, ó ní kẹ́ ẹ máa ṣe é nìyẹn, tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó fún òní. Ajá tó mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá kẹ́ ẹ sì gbọ́, òun ló máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ kán oògùn sí òun létí tó bá yá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá o. Ajá wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, máa ń ṣubú lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa já, á máa yọ ìfófòó lẹ́nu, á tọ̀ sára, tó bá yá á dìde á máa rìn bí ẹni tí ò ríran, lẹ́yìn náà ara ẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe é láàárín oṣù méjì. Àwọn ará àdúgbò ní dìgbòlugi ni, pé ká pa á. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí há a lẹ́nu, ìyá àgbà ní ká fún un ní àgbo gìrì. — Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ má pa á. Ajá tí dìgbòlugi bá mú, tí àmì ẹ̀ bá ti hàn, ara ẹ̀ á máa burú sí i ni, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá á ti kú. Èyí tó ń padà bọ̀ sípò fún oṣù méjì, ohun tó jọ wárápá lẹ̀ ń ṣàpèjúwe fún mi yìí, ó wọ́pọ̀ nínú ajá, oògùn sì wà fún un. Ṣùgbọ́n májèlé náà lè fà á, bíi ọ̀tá-pia-pia tí wọ́n fín sílé tàbí tí wọ́n fi pa eégbọn lára ẹ̀, àìsàn mìíràn náà lè fà á, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ilé ìwòsàn ẹranko níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Tó bá tún dé, ẹ má kó nǹkan kan há a lẹ́nu. Kò lè gbé ahọ́n ẹ̀ mì, ẹni tó fi ọwọ́ tàbí ṣíbí síbẹ̀ ló máa fara gbọgbẹ́, tàbí kí eyín ajá ṣẹ́. Ẹ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ tan fáànù sí i torí ara ẹ̀ á gbóná, kí ẹnì kan wo aago, kí ẹlòmíì fi fóònù ká fídíò ẹ̀ fún dókítà. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí ọ̀kan parí tí òmíràn tẹ̀ lé e, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko kíákíá. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ má tètè dì mọ́ ọn, kò tíì mọ̀ yín ní àkókò yẹn, ó lè gé yín jẹ láìmọ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lókèèrè pẹ̀lú ohùn tó mọ̀, títí tó fi máa fúnra ẹ̀ wá.

Àgbo gìrì, kí ìyá àgbà má bínú o, tábà àti àlùbọ́sà ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú ẹ̀, méjèèjì ló lè pa ajá lára, ẹni tó ń gbọ̀n sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí dókítà bá fún un ní phenobarbital, oògùn tó ń dá gìrì dúró, ẹ máa fún un ní wákàtí 12 síra, láìyẹ̀. Oorun á máa kùn ún níbẹ̀rẹ̀, ebi á máa pa á, òùngbẹ náà á máa gbẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí oògùn náà tán lójijì, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín nítorí pé gìrì ò wá mọ́, ṣíṣàdédé dá a dúró yẹn gan-an ló máa ń mú èyí tó le jù wá.

Dókítà, ológbò mi ọmọ ọdún 11 ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ insulin, tó ń wà nínú fíríìjì, ni mò ń gún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tó bá ti gbọ́ pé mo ṣí fíríìjì báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Táwẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń wé e kí n tó gún un, ó ti wá ń sá fún mi pátápátá, ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́. — Ẹ̀gbọ́n Peckham, London

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an kéré, ológbò ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, dídì í mú ló ń sá fún. Ẹ ya ìró fíríìjì kúrò lára gígún ná: ẹ máa ṣí i nígbà tí kì í ṣe àsìkò abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì fún un ní adìẹ sísè bíńtín tí ò níyọ̀. Ẹ mú síríńjì tí ò lábẹ́rẹ́ lẹ́nu, ẹ fi hàn án, adìẹ. Ẹ fi kàn án lára, adìẹ. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa gbé oúnjẹ ẹ̀ kalẹ̀, orí abọ́ níbẹ̀ ló máa wà tẹ́ ẹ fi máa fa awọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sókè díẹ̀ tẹ́ ẹ sì gún un. Ẹ má lọ bá a níbi tó ń sùn o, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiẹ̀.

Lásìkò tẹ́ ẹ bá fi ń kọ́ ọ yìí ẹ má fo abẹ́rẹ́ gidi, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹranko yín kẹ́ ẹ tó gún un lọ́jọ́ tó bá kọ oúnjẹ. Tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó rẹ̀ ẹ́ lójijì tàbí tó ń gbọ̀n, ṣúgà ẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ fi oyin pa á ní èrìgì kẹ́ ẹ sì pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn lórí oúnjẹ, àwọn ológbò kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú, tí oúnjẹ wọn sì yí padà, wọ́n lè má nílò insulin mọ́ fúngbà díẹ̀.

Ajá wa ti darúgbó, kò ríran mọ́, orúnkún ń dùn ún. Ó gbó mọ́ ọmọ ọmọ mi tó fọwọ́ kàn án látẹ̀yìn. Ṣé mo lè fún un ní Panadol? — Bàbá àgbà, Òṣogbo

Ẹ má fún un, bàbá, ẹ má fún un ní ibuprofen náà, ìyẹn máa ń ba kíndìnrín àti ikùn ajá jẹ́. Tí ológbò bá wà nílé, kó má fẹnu kan Panadol rárá, ìdajì tábúlẹ́ẹ̀tì lè pa á. Dókítà ẹranko ní oògùn orúnkún tó wà fún ajá, ìwọ̀n tó wọ̀n ni wọ́n á fi díwọ̀n fún un. Ní ti ọmọ, àyà ajá ló já, kò bínú sí i. Kí gbogbo ilé máa dárúkọ ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ dúró kó kọjú síbi tí ohùn ti wá, ẹ má ṣí abọ́ omi ẹ̀ nípò, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹní tàbí rọ́ọ̀gì sórí táìsì tó ń yọ̀ níbi tó ń gbà lọ síta.