Kí ọmọ yín tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ fóònù rẹ̀ fún ọlọ́pàá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ní ọlọ́pàá dá ọmọ yín dúró ní Nyanya, wọ́n ní kó ṣí fóònù rẹ̀ kí àwọn yẹ inú rẹ̀ wò, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n kó tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà ti lágbára jù, èmi kò sì mọ èyí nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Wuse. Ní ọdún 2021, mò ń ti Zuba bọ̀ nínú takisí nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn béèrè fóònù mi, ó ní kí n ṣí i, mo sì ṣí i, torí mo gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ èmi àti oníbàárà mi kan tó wà ní Kánádà, ẹni tó fi owó aṣọ ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí mi; bó ṣe rí iye owó náà, ó ní gbájúẹ̀ ni mí. Àgọ́ wọn ni mo sùn mọ́jú. Àwọn ará ilé mi sanwó kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fóònù náà fi wà lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo oníbàárà mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá agbẹjọ́rò, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ìwé tí wọ́n fi gba fóònù náà dà. Mi ò ní ìwé kankan.

Òun ló là mí lóye pé abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ààbò náà ní ààlà. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 gba ọlọ́pàá tó ń wá ẹ̀rí nínú fóònù láàyè láti lọ tọrọ ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́, bí wọ́n bá sì mú un wá, kí ọmọ yín má ṣe dí wọn lọ́wọ́. Àmọ́ ìfura lásán létí títì kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, fúnra rẹ̀ kéde pé kí wọ́n yé yẹ fóònù àti kọ̀ǹpútà aráàlú wò kiri. Ẹ̀yìn ìkéde yẹn ni wọ́n yẹ tèmi wò.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Mo ti rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú fóònù tí wọ́n ṣí lọ́nà àìtọ́ yóò di asán ní ilé-ẹjọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ó ṣì lè wọlé, àfi bí adájọ́ bá wò ó pé àléébù ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i pọ̀ ju àǹfààní gbígbà á wọlé lọ.

Nítorí náà, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ní èdè tí ọlọ́pàá náà gbọ́, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá, pé òun kò fọwọ́ sí i láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́. Kó má bá wọn du fóònù náà. Bó bá sì rí i pé wọ́n fẹ́ lu òun, kó ṣí i, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ sókè létí àwọn tó wà níbẹ̀ pé tipátipá ni. Bí wọ́n bá mú un, abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà kan náà fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn, bí wọ́n bá sì ní kó sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ìbéèrè nìyẹn náà. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́.

Nyanya wà lábẹ́ Àbújá, nítorí náà òfin ACJA ti ọdún 2015, òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń mú afurasí àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan. Lẹ́tà tí agbẹjọ́rò mi fi béèrè ìwé yìí gan-an ni wọ́n rí tí wọ́n fi dá fóònù mi padà. Bí wọ́n bá ti mú ọmọ yín rí, tí fóònù rẹ̀ sì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ bi í lónìí bóyá ó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì lọ béèrè ẹ̀dà tirẹ̀.