Áàpù wo ni kí n máa kọ iṣẹ́ kọ́sítọ́mà sí?

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló sì wà lọ́dọ̀ mi. Inú ìwé ni mò ń kọ iṣẹ́ sí. Àwọn kọ́sítọ́mà míì á tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n tó mọ̀, ọjọ́ àdéhùn á ti kọjá. Mo ti gbé Google Tasks sórí Tecno mi, kì í dún lásìkò. Èwo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá Google Tasks lẹ́bi. Bí ìránnilétí ò bá dún lórí Tecno, Infinix tàbí itel, fóònù gan-an la ó kọ́kọ́ fura sí. Nítorí àtitọ́jú bátìrì, ó lè pa áàpù tí ẹ ò ṣí fún ìgbà díẹ̀, èyí tó bá sì ti pa ò lè dún. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Apps, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà. Ẹ tan "Notifications". Ní "Battery", ẹ mú "Unrestricted". Bó bá jẹ́ Android 12 sókè, ẹ gbà á láàyè ní "Alarms & reminders" náà. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Ẹ sì dín Phone Master tí ẹ fi ń nu fóònù kù. Ó lè pa áàpù yìí mọ́ àwọn tó kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ kọ iṣẹ́ kan tó máa dún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ pa dátà, ẹ ti ojú fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tún ṣe òmíràn tó máa dún ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ kejì, torí fóònù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mọ́jú máa ń sùn wọra ju ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èyí tó bá dún nígbà méjèèjì lẹ lè fọkàn tán.

Fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, Google Tasks tó. Àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe máa fún ọmọṣẹ́ láyè láti wo ìwé iṣẹ́ yín níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí màá fi mú Microsoft To Do fún yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí list kan, ẹ tẹ àmì ènìyàn tó wà lókè, ẹ fi líǹkì tó bá gbé jáde ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Oníkálukú wọn gbọ́dọ̀ ní akáǹtì Microsoft tirẹ̀. Bí ẹni tó kẹ́yìn bá ti wọlé, ẹ tan "Limit access to current members", kí ẹlòmíì má bàa gba líǹkì náà wọlé. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè pa iṣẹ́ rẹ́, torí náà ẹ má kọ gbèsè síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nínú To Do nìyí: "Add due date" kì í dún. "Remind me" ló ń dún. Bí "My Day", ojú ìwé iṣẹ́ ti òní, bá ṣófo láàárọ̀, ẹ má ṣe jáyà. Ó máa ń tú ara rẹ̀ ká ní òru, iṣẹ́ tí ẹ ò parí ṣì wà nínú list tó ti wá.

Ẹ má kọ "aṣọ ìyá ìyàwó" lásán. Ẹ kọ "ra síìpù ní Wàsó", "gé àǹkárá", "pè é wá wọ̀ ọ́ wò", kí kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Aṣọ tó ń jáde ní Friday, Tuesday ni kí ìránnilétí rẹ̀ ti dún. Ìránnilétí ti Friday kò tún lè bá yín gé aṣọ.

Todoist náà dára, ó gbọ́ "every Friday" bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n project 5 péré ni ti ọ̀fẹ́, ẹ ó sì sanwó fún ìyókù. Trello, áàpù iṣẹ́ míì, pọ̀ jù fún ṣọ́ọ̀bù yín.

Ìwọ̀n ara àwọn èèyàn, inú ìwé ni kó wà, torí wọ́n lè ti áàpù pa. Microsoft ra Wunderlist, áàpù ìkọṣẹ́sílẹ̀ kan, ní 2015, ó sì tì í pa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Àwọn tó ń lò ó ní láti kó ẹrù wọn lọ sí To Do yìí kan náà.

Ó ku akáǹtì. Bó bá jẹ́ ẹni tó ta fóònù fún yín ló ṣí email tí ẹ fi ń wọlé, tí ẹ ò sì mọ password rẹ̀, lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù, iṣẹ́ yín á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹ pààrọ̀ email náà sí tiyín kí ẹ tó kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ síbẹ̀.