Èsì fún Ìyá Tòlú: ìjà ni àbí eré?

Ẹ kú ilé o, Ìyá Tòlú. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin fẹ́ wo fíìmù àwọn obìnrin tó ń fi bàtà síkéètì sáré, tí wọ́n ń ti ara wọn ṣubú, ẹ wá ń bi wá bóyá ìjà ni yóò kọ́ níbẹ̀. Rárá o. Eré ìdárayá gidi ni roller derby, ó sì lófin.

Èmi wo fíìmù Hell on Wheels tí Bob Ray gbé jáde lọ́dún 2007, nílé wa ní Kubwa. Ó dá lórí àwọn obìnrin ìlú Austin, ní Texas, tó jí eré náà dìde. Ìpàdé wọn ló wọ̀ mí lára jù: wọ́n ń jiyàn lórí ta ló ni ẹgbẹ́, títí ẹgbẹ́ fi pín sí méjì. Àwa tí a ti ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú l'Ábújá mọ bó ṣe máa ń dunni.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, ẹni márùn-ún láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọ pápá. Ẹni tó ní ìràwọ̀ lórí akoto ló ń wá máàkì: tó bá ti la àárín àwọn tó kù kọjá lẹ́ẹ̀kan, alátakò kọ̀ọ̀kan tó bá tún yà sílẹ̀ di máàkì kan. Èjìká àti ìbàdí ni wọ́n fi ń ti ara wọn. Ẹni tó bá fi ìgúnpá gbá ẹlòmíràn yóò lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Wọ́n máa ń ṣèṣe ṣá, ẹ bá a jókòó wò ó. Tó bá wá ní kí ẹ ra bàtà, akoto àti ìbòrúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Sìmẹ́ǹtì iwájú ilé bó orúnkún ọmọ tèmi lọ́jọ́ kejì.