Ẹ fún bàbá yẹn ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa bàbá tó ń sùn lábẹ́ bíríjì Mọ́lété n'Ìbàdàn, ẹ ní ìjọ yín ti dá owó yàrá jọ, àmọ́ àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àtàwọn díẹ̀ ti ń gba ilé fún àwọn tó ń sùn ní Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Ìwó Road. Àwọn kan ṣì wà nínú yàrá wọn dòní, àwọn kan ti padà síta. Ara àwọn tó padà síta ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọtí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rí oorun sùn. Òtútù ń mú wọn, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, àwọn ọmọ ìta sì lè wá tú àpò wọn lóru. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó jáwọ́ nínú ọtí lórí páálí tó tẹ́ sílẹ̀ yẹn? Ó tún léwu. Ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Dókítà ló ń mójú tó irú ẹ̀.

Ní 1992, Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń sùn níta ní New York nílé láìní kí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan kan sílẹ̀. Kánádà dán an wò láàárín 2009 sí 2013 ní ìlú márùn-ún, pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 èèyàn tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ. Ní oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn ìdánwò náà, 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún nílé lọ́nà yìí ni kò kúrò nílé rárá. 31 péré ni láàárín àwọn tó ń gba ìrànlọ́wọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí nínú ìtàn yìí ni pé nọ́ọ̀sì, dókítà àtàwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń lọ bá onílé tuntun náà nínú yàrá rẹ̀, wọn ò sì tètè kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ilé nìkan kọ́ ni wọ́n fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà òyìnbó nìyẹn. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń ṣe é ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí rẹ̀ kan á gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, á máa jí lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, á sì padà sáàárín èèyàn lálẹ́.

Ẹ wá yàrá nítòsí Mọ́lété, bíi Kúdẹtì tàbí Òkè-Àdó. Ẹ má tìtorí owó kékeré gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ní 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn alágbe kúrò ní Sábó lọ sí Akínyẹlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sáàárín ìlú, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà. Orúkọ bàbá ni kó wà lórí rìsíìtì, kí ìjọ ṣe onídùúró. Ayálégbé ọlọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lé e, àyàfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ nǹkan mìíràn. Tó bá jẹ́ orúkọ ìjọ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí inú bá bí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ni bàbá máa jáde. Ẹ sì sọ òtítọ́ fún onílé kó tó gbowó, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà ẹni tó máa gbé ìpè rẹ̀ lóru.

Ẹ wá gbọ́ o, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù. Ìyá kan tí a gbà ní Dùgbẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló ń sùn, ó ní tí òun bá ti ilẹ̀kùn, àyà òun á máa já. Ìdákẹ́jẹ́ ń pa wọ́n lára. Ẹni tó ti ń sùn sáàárín ariwo mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ dá òun nìkan sínú yàrá mẹ́rin-ògiri, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà níta á wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì ní lè lé wọn, torí wọ́n ti jọ pín ẹ̀bà jẹ nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ìjà àwọn alájọgbé ti máa bẹ̀rẹ̀: ta ló kàn láti fọ balùwẹ̀, ta ni kò san owó iná, àlejò ta ló tọ̀ sẹ́yìn ilé.

Iṣẹ́ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Kó lọ lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kó jókòó, kó bá a dá sí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀, kó bá a lọ gba NIN. Kó má fi ìwàásù ṣáájú, kó má sì máa gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Tó bá mutí, yàrá rẹ̀ ṣì ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí a rí gbà ní Ìwó Road, abẹ́rẹ́ tó ń gbà lóṣooṣù ló ń mú ọpọlọ rẹ̀ dúró. Arákùnrin tó ń bá a lọ ilé ìwòsàn ríṣẹ́ sí Èkó, kò sì sẹ́ni tó gba ipò rẹ̀. Ọmọ náà kò lọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lóru, ẹ̀rù ba àwọn alájọgbé, onílé sì ní kó kó jáde. Owó ilé tí a san fún un kò tíì tán o. Ó ń dùn mí títí di báyìí.

Ìjọba ló yẹ kó máa ṣe èyí. Ní Finland, wọ́n sọ àwọn ilé tí wọ́n ń kó aláìnílé sùn sí di yàrá gidi, òṣìṣẹ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ sì wà nínú ilé kan náà. Ibùsùn alẹ́ tó lé ní 2,000 ní Helsinki lọ́dún 1985 ti di 52 ní 2016. Tiwa, Bódìjà tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn olówó oṣù ló gbà á.

Ọ̀rọ̀ owó ọdún kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá máa dá díẹ̀ fún alájọ nínú owó tó ń rí, kí ìjọ fi kún un. Ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì tó máa máa bẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀, kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì, kí ẹ tó fún ejẹ́ǹtì ní kọ́bọ̀. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín lọ rí onílé náà.